Lẹ́tà Ṣíṣí sí Báńkì Àdúgbò Wa: Ẹ Máa Kó Àwa Àgbà Jáde

Sí Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí, Ọ̀gá Máníjà àti gbogbo òṣìṣẹ́ báńkì wa ní Òṣogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó. Kàlẹ́ńdà ọdún yìí ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, a dúpẹ́. Agboòrùn ti èṣí náà ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin rẹ̀ kan ti yọ. Ní ilé mi, kàlẹ́ńdà yín ló wà ní pálọ̀, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà ní kíṣíìnì, ti ìjọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Mi ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n fi gbogbo kàlẹ́ńdà yìí ṣe nínú ilé tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń gbé ibẹ̀, tí gbogbo ọjọ́ sì jọra.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Owó kàlẹ́ńdà, owó agboòrùn, owó abọ́ oníke tí ẹ ń kọ orúkọ báńkì sí nídìí, ẹ kó o jọ, kí ẹ fi ṣe nǹkan mìíràn fún àwa oníbàárà yín tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ máa kó wa jáde. Ẹ kó wa wọ ọkọ̀, kí a lọ fojú kan ibi tí a kò tíì dé rí, kí a jẹun pọ̀, kí ẹ sì dá wa padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mi ò ní dárúkọ báńkì náà. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, ẹ̀yin tí mò ń bá wí sì mọ ara yín. Àwọn báńkì kékeré tó kù nílùú yìí lè gbọ́ tiwọn nínú rẹ̀ bó bá bá wọn mu.

Àwa yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ yín. Ìgbà tí irú báńkì yín ṣì ń jẹ́ kọmúnítì báńkì la ti ń bá yín bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn káńtà lónìí lè má mọ ìtàn yẹn, torí púpọ̀ wọn ò tíì dáyé. Ọdún 1990 ni ìjọba ológun gbé ètò náà kalẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú fi owó ara wọn dá báńkì sílẹ̀, kí ẹni tí báńkì ńlá ò dá lóhùn lè ríbi fowó sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Òṣogbo di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó dé, owó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nílùú, àwa náà sì ní ohun tí a lè fi pamọ́ yàtọ̀ sí èyí tí alájọ ń wá gbà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Ọba, ẹni tó ń rẹ aró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tíṣà bíi tèmi tí owó oṣù rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé, irú pásíbúùkù kan náà ni gbogbo wa ń mú dání. Kàṣíà á fi bírò kọ ọ́, á lù ú ní òǹtẹ̀ gbàmù, á ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Ní 2005, Báńkì Àpapọ̀ gbé òfin máíkírófáínáǹsì jáde, ìyẹn òfin àwọn báńkì kékeré tó wà fún mẹ̀kúnnù. Wọ́n ní gbogbo kọmúnítì báńkì gbọ́dọ̀ yí padà kí 2007 tó parí, èyí tí kò bá lè ṣe é kó kógbá sílé. Ẹ̀rù bà wá, ṣùgbọ́n a dúró. Níbẹ̀rẹ̀ 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, tí èèyàn ń tò láti ìdájí nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré, a dúró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì máíkírófáínáǹsì 132 káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ àbúrò mi bá mi ka àwọn orúkọ náà lórí fóònù rẹ̀ títí dé òpin, kò sí tiyín níbẹ̀, a tún dúró. Ẹni tó bá dúró ti èèyàn tó báyìí ti kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń fi agboòrùn tù nínú.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti bẹ́ǹṣì. Ṣé ẹ rántí àwọn bẹ́ǹṣì onígi tó wà lábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú báńkì, kí ẹ tó tún ibẹ̀ ṣe? Ẹ̀yin rò pé ibi tí oníbàárà ti ń dúró de kàṣíà ni. Ilé ìpàdé wa ni. Lọ́jọ́ tí pẹ́ńṣàn bá fẹ́ wọlé, a ti dé ibẹ̀ kí mẹ́gàdì tó ṣí géètì, a ó ti gba nọ́ńbà. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ réluwé máa ń gbé ọpọ́n ayò wá nínú àpò ìrẹsì. Ìyá ẹlẹ́kọ á ti gúnlẹ̀ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín eléwé. Alhájà kan tó ń ta aṣọ òkè máa ń jókòó sẹ́bàá ògiri, á máa fa tẹ̀sùbáà, bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn, á dá tẹ̀sùbáà dúró, á bú sẹ́rìn-ín, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé nẹ́tíwọ́kì ò sí, kàṣíà jáde, ó ní kí a máa lọ sílé, ẹnikẹ́ni ò dìde. Ìyá kan sì wà tí kò ní kọ́bọ̀ tó fẹ́ gbà tàbí tó fẹ́ fi sí, á we gèlè, á wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Òkè-Baálẹ̀, á lóun fẹ́ wo báláǹsì. Báláǹsì wo? Ó fẹ́ rí wa ni.

Nígbà tó yá, ẹ tún iwájú báńkì ṣe. Ẹ gé dóńgóyárò, ẹ da kọnkéré síbẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ ní kí a máa tẹ fóònù, kí a máa lọ sọ́dọ̀ oní-POS. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn o. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò yẹ kó máa tò lórí ìlà láti òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, àwọn kan wà tí mi ò rí sójú mọ́. Bàbá ọlọ́pọ́n ayò, wọ́n ti sin ín tipẹ́ kí n tó gbọ́. Ní tiyín, mo rò pé ẹ kàn rí i pé àkáǹtì kan ò mira mọ́ ni.

Bí ẹ bá lérò pé fàájì lásán ni mò ń wá, ẹ bi àwọn oníṣègùn. Láti nǹkan bí 2003 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí àwọn ẹni ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Lára ohun tí wọ́n bá pàdé ni pé àgbà tí kì í dá sí nǹkan àwùjọ, tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣe, ni ó sábà máa ń ṣarán ju ẹni tó ń jáde lọ. Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn sọ pé ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́fà láyé ló ń jìyà ìdánìkanwà. Ẹ ò tiẹ̀ nílò ìwádìí. Ẹ rìn yípo Òkè-Fìà níbi tí mò ń gbé: ọmọ kan wà ní Èkó, ọmọ kan wà ní Kánádà, wọ́n ń fowó ránṣẹ́, wọ́n kún ilé lọ́dà, ìyá kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló wà nínú yàrá mẹ́fà.

Ẹnì kan á ní ṣebí à ń lọ òde. Òde wo? Bí èèyàn bá ti ń súnmọ́ àádọ́rin, òde tó kù fún un ò fi bẹ́ẹ̀ ju òkú lọ. A ó ra aṣọ ẹbí, a ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ẹ̀rọ olórin ò ní jẹ́ kí a gbọ́ ara wa, wọ́n á gbé ìrẹsì fún wa, wọ́n á fún wa ní abọ́ oníke míì, ó tán.

Wọ́n á tún ní ìjọ ń ṣe tiwọn, mọ́sálásí ń ṣe tiwọn. Òótọ́ ni, kí Ọlọ́run máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ ń kó ọmọ ìjọ ni, àsàlátù ń kó ọmọ àsàlátù ni. Ní Òṣogbo yìí tí ilé kan ṣoṣo ti lè ní mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun, ibi tí mo mọ̀ tí gbogbo wa ti ń jókòó sórí pákó kan náà láìbi ara wa léèrè ni ọjà àti báńkì. Ọjà kì í ṣètò ìrìn-àjò. Ó ku ẹ̀yin.

Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àlá. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ báńkì kéékèèké tó wà láwọn ìlú tí kò tóbi ló ní ẹgbẹ́ fún àwọn oníbàárà tó ti lé ní ọdún 50 tàbí 55. Bí owó tí èèyàn fi pamọ́ bá ti dé iye kan, ó ti di ọmọ ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ báńkì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: á bá ọlọ́kọ̀ dúnàá dúrà, á ra tíkẹ́ẹ̀tì eré orí ìtàgé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, á máa pe orúkọ. Nígbà míì wọ́n á jáde láàárọ̀ wọ́n á wọlé lálẹ́, nígbà míì wọ́n á lo ọjọ́ bíi mélòó kan lórí ọkọ̀ òkun. Àpò ara wọn ni wọ́n fi ń sanwó; ti báńkì ni kí owó náà dín, kí nǹkan sì wà létò. Ìdí tí báńkì fi ń ṣe é ò fara sin. Ọ̀dọ́ ń yáwó, ó ń kólé, ó ń sanwó ilé ìwé ọmọ; àgbà ló ń fi owó sílẹ̀ kó jókòó. Owó àgbà ni báńkì ń kó yá ọ̀dọ́. Ẹ lọ wo ìwé yín, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí.

Ẹ má ṣe gbé òfin iye owó yẹn wá o. Tí ẹ bá ní kìkì ẹni tó ní mílíọ̀nù kan ní àkáǹtì ló lè lọ, ẹ ti yọ ìyá ẹlẹ́kọ kúrò nìyẹn, òun gan-an ló sì máa jẹ́ kí ìrìn-àjò dùn. Iye ọdún tí èèyàn ti bá yín bọ̀ ni kí ẹ lò. Àwọn pásíbúùkù àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa, wọ́n á jẹ́rìí.

Ibo ni kí a wá lọ? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Òṣogbo. Ìlú yìí ni Duro Ladipo, òṣèré orí ìtàgé, ti dá Mbari Mbayo, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, ibẹ̀ ni àwọn bíi Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti gba ọnà tí wọ́n gbé káyé. Àwọn oníṣẹ́ ọnà àti aláró ṣì wà nílùú. Ọ̀sán kan péré ti tó fún ẹni tó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ kọ àdìrẹ, kí àwọn ìyá tó ti ṣiṣẹ́ náà rí sì máa bá wọn wí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn. Mo ti mọ àwọn tó máa wí bẹ́ẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ńkọ́? UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, òyìnbó ń wọ bàálù wá wò ó, àwa tí a bí síbí, àwọn kan nínú wa ò wọ ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà èwe. Síbẹ̀, òótọ́ ni kí n sọ fún yín: ẹ má fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ Alhájà àti ìyá ìjọ ò ní forúkọ sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn á sì pè láti òkè òkun láti béèrè irú ẹgbẹ́ tí màmá àwọn wọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ti mọwọ́ ara wa dáadáa ná, kí ẹ tó fi í sí ètò, kó sì jẹ́ ti ẹni tó bá wù ú. Èmi á lọ ní tèmi. Mo fẹ́ tún wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger tó kú ní 2009 lẹ́ni ọdún 93, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí jọ mọ síbẹ̀.

Tí a bá fẹ́ jáde ìlú, Ilé-Ifẹ̀ ló rọrùn jù. Ilẹ̀ tẹ́jú níbi Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta náà sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ á rí i. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà nítòsí ààfin. Lẹ́yìn náà, a lè jẹun ọ̀sán lábẹ́ igi nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí a máa wo àwọn ọmọ tó ń sáré lọ sí kíláàsì. Omi Olúmirin ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà dára, ṣùgbọ́n ìpele méje ló ní. Ẹ jẹ́ kó yé wa kí a tó kúrò nílé pé ìpele kìíní ni tiwa. Ìkògòsì ní Èkìtì ni orúnkún mi ń bá mi sọ: omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé, èèyàn á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìdánrè, ẹ má dá a láṣà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, ṣùgbọ́n kí ẹ pè wọ́n kí a tó gbéra, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá ní kí n yan ibì kan fúnra mi, Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń yìnbọn síra wọn títí tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe tíṣà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí. Mo ń ya àwòrán àgọ́ méjèèjì sára pátákó, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà òkè tó wà láàárín wọn. Mi ò débẹ̀ rí. Kò sì jìnnà sí Òṣogbo rárá, kò kàn sí ẹni tí màá bá lọ ni.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, torí òun ni yóò sọ bóyá ètò náà á dúró tàbí á wó. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ yanjú kí ẹ tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá tó máa sọ pé àwọn ò ráyè, ìtọ̀ ni wọ́n ń sá fún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó fún wákàtí kan gbáko kó má dìde. Ohun tí ẹlòmíràn á ṣe ni pé kò ní lo oògùn náà láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ó má bàa yọ ọkọ̀ lẹ́nu. Ewu ńlá nìyẹn, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Torí náà, kí òṣìṣẹ́ yín kan ti rin ọ̀nà náà ṣáájú, kí ó mọ ilé epo tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, tó ní omi, kí awakọ̀ sì máa dúró láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan bẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ibi báyìí la ó ti dúró. Ara á tù wọ́n.

Ìyókù ò le. Àpótí kékeré kan láti fi gun ọkọ̀, torí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ga. Nọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwé tí nọ́ńbà ọmọ tàbí ẹbí ẹni kọ̀ọ̀kan wà. Kí ẹ má fi ẹni mẹ́rin sórí àga ẹni mẹ́ta. Kó má jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kó má jẹ́ Àìkú, kó má jẹ́ Sátidé tí gbogbo ayé ń lọ òde. Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára. Kó má jẹ́ òpin oṣù tí ọkàn wa wà níbi àláàtì. Kó má sì jẹ́ oṣù Kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun ń kún ojú títì, tí òjò sì ń mú gbogbo òkúta yọ̀. Oṣù Kọkànlá ni kí a lọ ibi omi. Ọ̀nà tí ẹ̀yin ò lè kó ìyá tó bí yín gbà, ẹ má kó àwa náà gbà.

Ní ti owó, a ò tọrọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ẹnì kan ò lè dá ọkọ̀ gbà lọ Ìkògòsì mọ́ àfi tí ọmọ bá fowó ránṣẹ́. Ọgbọ̀n èèyàn lè pín in. Ẹ ṣí àkáǹtì kan fún un. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 40 ó ti di ₦20,000. Ọgbọ̀n èèyàn, ó ti di ₦600,000. Ọ̀dọ̀ yín ni owó náà wà ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ ó sì ti fi ṣe káràkátà kí a tó lò ó, nítorí náà kì í ṣe àánú lẹ ń ṣe wá. Owó nọ́ọ̀sì, owó omi mímu àti wàhálà òṣìṣẹ́ tó máa ṣètò ni kí ẹ gbé, kàlẹ́ńdà ọdún kan á san án. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tó yé èèyàn pé ẹni tí kò bá lè lọ mọ́, ara tó le ni o, àìsàn ni o, ikú ni o, gbogbo owó rẹ̀ ló máa padà sọ́wọ́ rẹ̀ tàbí sọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Àwa tí a ti rí báńkì tó kógbá sílé, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wá nínú ìwé. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tí kò mọ̀ pé láti 2024, iye tí àjọ NDIC, àwọn tó ń dá owó oníbàárà padà bí báńkì bá kógbá sílé, ń dáàbò bò fún oníbàárà báńkì máíkírófáínáǹsì ti kúrò ní ₦200,000, ó ti di mílíọ̀nù méjì náírà. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́.

Ẹ má fa iṣẹ́ yìí lé kọ́pà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọdún kan ni wọ́n ń lò, tí wọ́n bá ti mọ ẹni tó ń jẹ ata àti ẹni tí kì í jẹ ẹ́ tán, wọ́n ti lọ. Òṣìṣẹ́ tó máa pẹ́ nílé iṣẹ́ ni kí ẹ yàn, obìnrin bó bá ṣeé ṣe, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, tí kò ní máa pè wá ní kọ́sítọ́mà létí wa.

Kí ẹ sì bá mi kìlọ̀ fún àwọn máàkẹ́tà yín. Ẹ má ta ọjà fún wa nínú ọkọ̀. Tí mo bá rí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó kan lójú ọ̀nà Iléṣà, màá bọ́ sílẹ̀. Àgbàlagbà tí inú rẹ̀ ń dùn kì í kà kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ báńkì bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ́ wa bí a ṣe máa ń dá olè orí fóònù mọ̀, ẹni tó máa pè pé òun wà ní báńkì, pé BVN wa ti fẹ́ kú, kí a ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù fún òun. Wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tí mo mọ̀, ìtìjú ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Nínú ọkọ̀, láàárín ẹgbẹ́, wọ́n á sọ ọ́.

Oṣù tí kò bá sí ìrìn-àjò, ẹ ṣí yàrá ìpàdé yín tó wà lókè fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Rárá, ẹ má ṣí ti òkè, àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga. Ẹ fún wa ní ìsàlẹ̀. Àwa a mú ayò wá, àwa a mú oúnjẹ wá. Tí ẹ bá sì ń wá ọjọ́ tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá tí à ń ṣe ọjọ́ òmìnira, òun náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní 1990 fún àwọn àgbàlagbà káàkiri ayé. Báńkì wà ní títì lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn yín ṣófo.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé ẹ ń gbìyànjú, owó wa ò sì sọnù lọ́wọ́ yín rí. Ìdí tí mo fi kọ èyí sí yín nìyẹn, tí mi ò kọ ọ́ sí ìjọba.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi àti àwọn méjì mìíràn yóò wá sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Máníjà pẹ̀lú ìwé tí orúkọ àwọn tó fẹ́ lọ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá àga mẹ́ta sílẹ̀.

Èmi ni oníbàárà yín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.